Ohun Tí Irin Ń Jẹ: Ìtàn Epo àti Ọkọ̀ ní Àríwá Èkìtì

Orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí ń yọ̀ ń jẹ́ lẹ́nu àwa Yorùbá. Èyí tí a fi ń se ọbẹ̀, epo ni. Èyí tí a ń rà sínú ọkọ̀, epo ni. Èyí tí a ń dà sínú àtùpà, epo náà ni. Èyí tí mẹkáníìkì sì ń dà sínú ẹ́ńjìnnì, bí a tilẹ̀ ń pè é ní ọ́ìlì, kò sí àgbàlagbà tí kò ní kà á mọ́ epo. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè wa délẹ̀ lè tìtorí èyí rò pé àwọn baba wa kò mọ ìyàtọ̀ láàrin epo kan àti èkejì. Irọ́ gbáà ni. Ìmọ̀ epo tí ó yẹ ohun kan àti èyí tí kò yẹ ẹ́ ti pẹ́ nílẹ̀ wa, àwa tí ó yẹ kí a lò ó fún ohun tuntun ni a gbàgbé pé a ní in.

Ohun tí ó mú mi ronú jinlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kìíní ọdún 2025, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an. Mo gbé ọkọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì kan kí wọ́n bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò sì sí ọkọ̀ Peugeot tí wọn kò lè tú palẹ̀ kí wọ́n sì tò ó padà pẹ̀lú ojú dídì. Ṣùgbọ́n Peugeot kọ́ ni mo gbé wá. Ọkọ̀ háíbírídì ni, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì àti bátìrì jọ ń fà. Mo rà á ní ìparí ọdún 2023. Òǹkàwé yóò rántí pé ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún náà ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Epo tí owó lítà rẹ̀ kò tó náírà 200 fò kọjá 450 láàrin ọjọ́ díẹ̀. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000. Èmi tí mò ń rin ọ̀nà Ìdó, Ìfàkì, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ kò rí ọgbọ́n mìíràn dá ju pé kí n wá ọkọ̀ tí kì í mu epo púpọ̀. Gbogbo owó tí mo tù jọ ni mo fi ra tòkunbọ̀ yìí.

Mo gbé ike ọ́ìlì tí mo rà wá kalẹ̀. Ọ́ìlì àtọwọ́dá ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní synthetic, wọ́n sì kọ 0W-20 sí i lára gẹ́gẹ́ bí ìwé ọkọ̀ náà ti là á sílẹ̀. Bàbá ṣí i, wọ́n da díẹ̀ sí àtàǹpàkò, wọ́n fi ìka ìfábẹ̀lá rà á, wọ́n sì mi orí.

"Dókítà, omi lẹ rà yìí. Ọ́ìlì tó bá ki ni ẹ́ńjìnnì ń fẹ́. Ẹ jẹ́ n da fọ́tì sí i fún yín."

Fọ́tì ni ọ́ìlì tí a kọ 40 sí lára, èyí tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ọ́ìlì láti Ìdó títí dé Ọ̀mùò ń tà, tí owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì owó tèmi. Mo wo bàbá, mo wo ìwé ọkọ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ṣé ẹni tí ó ti fi ogójì ọdún gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì ni, tàbí ìwé tí wọ́n kọ ní ìlú òkèèrè? Kí n tó sọ ohun tí a ṣe, ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀.

Nínú yàrá ìyá mi àgbà ní Ìdó, ìkòkò mẹ́ta ni ó máa ń wà ní ìdí ògiri. Epo pupa wà nínú ọ̀kan, àdín wà nínú èkejì, òrí sì wà nínú ẹ̀kẹta. Ìkòkò kọ̀ọ̀kan ni ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Epo pupa ni ti ọbẹ̀. Àdín ni a fi ń pa ọmọ lára, òun náà ni wọ́n ń wá sáré bí gìrì bá gbé ọmọ. Òrí ni ti oríkèé tí ń ro ni àti imú ọmọ tí ó dí. Bí a bá kúrò nínú yàrá tí a dé ojúbọ, òfin náà tún le sí i. Epo pupa ni Èṣù fẹ́, àdín ni èèwọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé àdín súnmọ́ ọn, ìjà ni ó ń wá. Òrí funfun ni ti Ọbàtálá. N kò gbọ́ ọ rí kí àgbàlagbà kan béèrè pé nínú epo àti àdín, èwo ló dára jù? Ìbéèrè tiwọn ni pé: ta ni yóò jẹ ẹ́?

Ìyá mi àgbà tún mọ ìwà epo nínú òtútù. Bí ọyẹ́ bá mú, epo pupa á dì nínú kẹ́ẹ̀gì. Àwọn obìnrin tí ń tà á lọ́jà Ìdó á gbé e sóòrùn kí ó lè yọ́ kí wọ́n tó lè wọ̀n ọ́n. Òróró ẹ̀pà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òtútù ti wù kí ó mú tó nílẹ̀ wa, yóò máa ṣàn ni. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà sí i.

Ìrè-Èkìtì kò jìnnà sí Ọ̀yẹ́. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni wọ́n wà. Ìrè ni ìtàn sọ pé Ògún wọlẹ̀ sí, òun ni a sì fi ń pè é ní Ògún Onírè. Ajá, ẹ̀sun iṣu, ẹmu àti epo pupa ni oúnjẹ rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ, ọdẹ, awakọ̀ àti mẹkáníìkì, ọmọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Kì í ṣe àkókò tí ọkọ̀ dé ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé irin a máa jẹ epo.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé epo pupa wa ti kan irin àwọn òyìnbó kí ọkọ̀ wọn tó kan ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807, epo pupa di ọjà pàtàkì tí àwọn oníṣòwò Liverpool ń wá ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, wọ́n sì ń fi í ra àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ wọn. Wọ́n a tún pò ó mọ́ ọ̀rá ẹran, wọ́n a fi kun ìdí àgbá ọkọ̀ ojú irin kí ó má baà gbóná jù. Nígbà tí ojú irin tiwa náà wá kúrò ní Èkó, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 àti Òṣogbo ní 1907, kò yà sí Èkìtì rárá. Orí ni àwọn ènìyàn wa fi ru ẹrù lọ bá a.

Ṣùgbọ́n epo inú èso ní àbùkù tirẹ̀. Bàbá mi àgbà ní kẹ̀kẹ́ Raleigh kan tí wọ́n fẹ́ràn bí ojú. Nígbà tí ọ́ìlì kẹ̀kẹ́ bá tán, àdín ni wọ́n ń fi sí ṣéènì rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, kẹ̀kẹ́ á máa yọ̀ bí ẹja. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, àdín á ti ki bí oje igi, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹ̀rọ òyìnbó. Nítorí náà, nígbà tí Edwin Drake gbẹ́ kànga epo ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ní 1859, tí epo inú àpáta bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni òun gba ipò lọ́wọ́ epo inú èso àti ọ̀rá ẹran. Síbẹ̀, epo inú èso kò kúrò nílẹ̀ pátápátá. Èso lárà, tí ó ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa, ni wọ́n ń fún epo rẹ̀ sínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́. Orúkọ lárà yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì ni Charles Wakefield, tí ó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1899, fà yọ nígbà tí ó pe ọ́ìlì rẹ̀ ní Castrol.

Ní 1911, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní SAE, fi nọ́ńbà sí ọ́ìlì gẹ́gẹ́ bí ó ti ki tó. Bí nọ́ńbà bá ti ga sí ni ọ́ìlì ki sí. Ibẹ̀ ni fọ́tì tí bàbá mẹkáníìkì fẹ́ràn ti wá, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ SAE rí.

Ìfẹ́ yìí kì í ṣe ìfẹ́ òpè. Bedford ni ọ̀pọ̀ bọ̀lẹ̀kájà tí ó kọ́kọ́ gun àwọn òkè wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Mercedes 911, Peugeot 404 àti 504 dé. Àlàfo tí ó wà láàrin irin àti irin nínú ẹ́ńjìnnì wọ̀nyẹn gbòòrò. Eruku ọ̀nà máa ń jẹ wọ́n, òkè máa ń mú wọn gbóná, ẹrù tí a dì sí wọn sì ń ju ohun tí ẹni tí ó ṣe wọ́n ní lọ́kàn lọ. Volkswagen tí à ń pè ní ìjàpá kò tilẹ̀ ní omi tí ń tù ú lára; atẹ́gùn àti ọ́ìlì inú rẹ̀ ni ó ń bá a lé ooru. Irú ọkọ̀ báyìí, ọ́ìlì tí ó ki ni ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tí ó bá da ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i nígbà náà, ariwo irin ni yóò fi gbọ́ ìdájọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀gá fi ìka kọ́ ọmọṣẹ́: da á sí àtàǹpàkò, rà á, bí ó bá ki, ó dára. Ọmọṣẹ́ gba fríìdọ́ọ̀mù, ó di ọ̀gá, ó kọ́ ọmọṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ìwé kankan láàrin wọn. Ẹnu ni, ojú ni, ìka ni. Ìmọ̀ tí ó pé ni. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ yí padà, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún ìka.

Òtútù àti àìní ni ó bí ọ́ìlì àtọwọ́dá. Jámánì kò ní epo ilẹ̀ tí ó tó o nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí ọmọ ogun rẹ̀ sì wọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní 1941, òtútù ibẹ̀ sọ ọ́ìlì inú ọkọ̀ wọn di bí epo pupa inú kẹ́ẹ̀gì lárààrọ̀ ọyẹ́. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì wọn fi ọwọ́ ara wọn hun ọ́ìlì tí kì í tètè dì. Lẹ́yìn ogun, ọkọ̀ òfurufú ajẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀ jù. Ní 1974 ni Mobil 1 jáde fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Kí ni ìyàtọ̀ wọn gan-an? Ọ́ìlì àtilẹ̀wá dà bí apẹ̀rẹ̀ ẹyìn tí a kó lóko: ńlá wà níbẹ̀, kékeré wà níbẹ̀, ìdọ̀tí díẹ̀ kò sì ṣàìsí. Ohun tí ó wúwo nínú rẹ̀ ń dì nínú òtútù, èyí tí ó fúyẹ́ ń gbẹ nínú ooru. Ọ́ìlì àtọwọ́dá dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a yàn ní ọgbọọgba kí a tó sín in. Nítorí èyí ni ó fi ń ṣàn nígbà tí ó tutù, tí kì í sì í tètè bàjẹ́ nígbà tí ó gbóná. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò mọ́ gaara bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ní 1999, Mobil fi ẹjọ́ Castrol sùn níwájú ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ìpolówó ọjà, pé ọ́ìlì tí Castrol ń pè ní àtọwọ́dá, epo ilẹ̀ náà ni, bí a tilẹ̀ yọ́ ọ tí a tún ún yọ́. Castrol ni ìgbìmọ̀ dá láre. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ike tí a kọ synthetic sí lára jẹ́ epo ilẹ̀ tí a fi ọgbọ́n ẹ̀rọ tún dá. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ èdè mọ̀ pé orúkọ lè dúró síbi tí ó wà kí ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ náà ti ṣípò.

Òǹkàwé lè béèrè pé, ṣé kì í ṣe orílẹ̀-èdè epo ni wá ni? A rí epo ní Olóìbírì ní 1956, a sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á sókè òkun ní 1958. Nígbà tí a dá ilé ìfọpo Kàdúná sílẹ̀ ní 1980, ètò wà pé yóò máa yọ èròjà ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n epo tiwa fúyẹ́. Ó dára fún bẹntiróòlù, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní ohun wúwo tí a fi ń ṣe ọ́ìlì nínú. Epo wúwo láti Venezuela àti Kuwait ni a ní láti rà wá sí Kàdúná fún iṣẹ́ náà. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀ka yẹn ti dákẹ́. Nínú ìtàn yìí pàápàá, ọ̀rọ̀ ìyá mi àgbà ni mo gbọ́: kò sí epo tí ó dára fún ohun gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọkọ̀ tí mo gbé wá sí Ìkọ̀lé. Ní oṣù Kejìlá 1997 ni Toyota gbé Prius jáde ní Jàpáànù, òun sì ni ọkọ̀ háíbírídì àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rà. Irú ọkọ̀ yìí ní ẹ́ńjìnnì tí ń mu bẹntiróòlù àti mọ́tò tí ń lo iná bátìrì. Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè lẹ́yìn Ìfàkì, ẹ́ńjìnnì á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àgbá tí ń yí á máa fi iná sí bátìrì. Bí mo bá tún ń gun òkè lọ sí Ọ̀yẹ́, ẹ́ńjìnnì á jí lójijì, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsí ìmúra. Ní ìrìn àjò kan, ó lè sùn kí ó sì jí lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìgbésí ayé yìí ni ó ń pinnu irú ọ́ìlì tí ó fẹ́. Àkọ́kọ́, ní gbogbo ìgbà tí ó bá jí, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ tètè dé orí irin. Èyí tí ó ki máa ń pẹ́ lọ́nà, pàápàá lárààrọ̀ ọyẹ́. Èkejì, ihò tí ọ́ìlì ń gbà nínú ẹ́ńjìnnì òde òní tẹ́ẹ́rẹ́, agbára ọ́ìlì náà ni ó sì ń darí àwọn ẹ̀yà kan nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ń sinmi púpọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná tó ti àtijọ́ lójú ọ̀nà kúkúrú. Omi a máa sẹ̀ sínú ọ́ìlì bí ó ti ń sẹ̀ sí ìdérí ìkòkò, bẹntiróòlù tí kò jó tán a sì máa jò sí i. Ọ́ìlì àtọwọ́dá fara da ìyà yìí ju àtilẹ̀wá lọ. Ti pé ó ki tàbí kò ki àti ti pé ó jẹ́ àtọwọ́dá tàbí àtilẹ̀wá, ọ̀ràn méjì ni. A lè rí àtọwọ́dá tí ó ki. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tí yóò jẹ́ 0W-20 tòótọ́, ó ṣòro kí a fi àtilẹ̀wá lásán ṣe é. Fọ́tì kò ní pa ọkọ̀ mi lọ́jọ́ kan. Á kàn máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, á sì máa jẹ nínú epo tí mo tìtorí rẹ̀ ra ọkọ̀.

Ohun tí mo sọ fún bàbá ní àárọ̀ ọjọ́ náà nìyí, ní Yorùbá, láìmú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wọ inú rẹ̀ bí kò ṣe orúkọ. Mo ní: "Bàbá, nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn tó bá tutù, bó bá ṣe kéré sí ló ń yá sí. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ń sọ bó ṣe ki tó tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Fọ́tì dà bí epo pupa, èyí dà bí òróró. Bí ọyẹ́ bá mú, èwo ló ń ṣàn?"

Bàbá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín. "Dókítà, kí ló dé tẹ́nì kankan ò sọ ọ́ fún wa báyìí rí?"

N kò ní èsì. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ láti 2011, ó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé pẹ̀lú. Èmi alára ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní kíkọ́ni ní Yorùbá. N kò fi ọjọ́ kan rò ó pé ẹnì kan wà ní ìdí ọkọ̀ tí ó ń retí ohun tí èdè náà lè ṣe fún un.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bàbá náà kọ́ mi ní tiwọn. Wọ́n fa géèjì yọ, wọ́n wo iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn. "Tòkunbọ̀ ni. Ẹni tó kọ ìwé yìí, ọkọ̀ tuntun ló ní lọ́kàn. Èyí lè máa mu ọ́ìlì. Ẹ máa wo géèjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá ń lọ sílẹ̀, ẹ tètè padà wá." Ìwé mi kò sọ èyí fún mi. Wọ́n yẹ èdìdì ike náà wò, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n ní ojúlówó ni, wọ́n sì dárúkọ irú àmì tí a fi ń mọ ayédèrú. Nígbà tí wọ́n da ọ́ìlì náà tán, wọ́n mú súkúrúdiráfà, wọ́n fi lu ike òfìfo náà ní ihò mẹ́ta. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kan ń ra ike òfìfo, wọ́n a rọ ọ́ìlì dúdú tí a ti lò tí wọ́n sẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n a sì tún tà á bí tuntun. Ẹni tí ó bá fi owó iyebíye ra irú rẹ̀, fọ́tì olówó pọ́ọ́kú tí ó jẹ́ ojúlówó ṣàǹfààní jù ú lọ.

Kí n tó lọ, bàbá fún mi ní páálí kan, wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà náà sílẹ̀ ní Yorùbá, kí àwọn ọmọṣẹ́ lè máa kà á. Mo kọ ọ́: àtilẹ̀wá fún ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí ó fẹ́ ọ́ìlì kíki, àtọwọ́dá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún háíbírídì, kí a sì ka ìwé ọkọ̀ kí a tó da ohunkóhun sí i. Wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń bọ Ògún lọ́dọọdún. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ìlà mẹ́fà péré ni mo kọ sórí páálí yẹn, kò sì tíì sí ohun tí mo kọ ní Yorùbá tí a ń kà lójoojúmọ́ tó o.